Àpò Tí Mo Fi Gba Àyè ní Mọ́sáláṣí

Ẹ̀gbọ́n wa olóòtú ètò orí rédíò, àsàláámù àlékùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi o. Gwarinpa, ní olú-ìlú ilẹ̀ wa, ni mò ń gbé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo gbé àpò èlùbọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láti Ògbómọ̀ṣọ́ kalẹ̀ ní apá àwa obìnrin ní mọ́sáláṣí, kí n fi gba àyè sílẹ̀. Mo wá jáde lọ ṣe àlùwàlá. Kí n tó padà, ariwo ti ta pé bọ́ǹbù wà nínú àpò kan. Ẹ ṣáà mọ̀ pé láti ọdún tí bọ́ǹbù ti dún nílùú yìí, àpò tá ò mọ ẹni tó ni ín máa ń já wa láyà. Èmi náà sá, mo tún ń pariwo, "Bọ́ǹbù!" Ìgbà tí ọlọ́pàá tú àpò yẹn ni mo rí èlùbọ́ mi. Mo panu mọ́.

Ìyá Àsíátù, aládùúgbò mi, ṣubú níbi tá a ti ń sá, itan rẹ̀ sì kán. Èmi ni mò ń wẹ̀ fún un láràárọ̀. Á súre fún mi títí, á wá ní, "Ẹni tó gbé àpò yẹn síbẹ̀, Ọlọ́run má jẹ́ kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn mọ́." Èmi náà á ṣe àmín.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n jẹ́wọ́ ni? Bó bá lé mi, ta ni yóò máa wẹ̀ fún un? Láti àná ni ẹsẹ̀ ọ̀tún ti ń ro mí.