Eléyín Wà ní Ìyìn

Ọjọ́ Ajé, 9 Oṣù Kẹwàá 1978
Ọpẹ́ ni. Ìgbìmọ̀ ìjọ gbé iṣẹ́ fún mi: àwo ọrẹ méjìlá, igi àpá, fún Ìkórè 5 Oṣù Kọkànlá. Wọ́n ní bí mi ò bá lè ṣe é, àwọn á ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Mo ní mo lè ṣe é. Irọ́ ni.

Ẹ̀rọ ìyígi wà níbí ní Adó — Àgbà, ẹ̀rọ ńlá Bàbá. Ṣùgbọ́n Eléyín, irin eléyín mẹ́rin tó ń di igi mú kéèyàn tó lè gbẹ́ inú àwo, wà ní Ìyìn lọ́dọ̀ Adémọ́lá, àbúrò mi, ọmọ Ìyá Kékeré. Ọdún méjì sẹ́yìn ni àwọn àgbà ẹbí pín ogún Bàbá ní ìdí-igi. Ìyàwó méjì, ìdí méjì. Àgbà bọ́ sọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀rọ kékeré àti àpótí irin bọ́ sọ́dọ̀ tiwọn. Ó dọ́gba lójú wọn! Wọ́n fún ẹnìkan lódó, wọ́n fún ẹnìkejì lọ́mọ odó.

Láti ìgbà náà Adémọ́lá ò yọjú sí mi. Èmi náà ò yọjú sí i.

Ọjọ́rú, 11
Mo de igi mọ́ irin pẹlẹbẹ iwájú Àgbà, mo tan án. Igi já — fìrì! — ó gba ẹ̀gbẹ́ etí mi, ó lọ fọ́ fèrèsé. Orí ló yọ mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 13
Yétúndé, ìyàwó mi, ní kí n lọ sí Ìyìn. Mo ní kàkà kí n lọ bẹ ọmọdé yẹn, kí wọ́n ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Ó ní ọmọdé wo, ẹni tó ti bímọ mẹ́ta? Ó ní ìbínú ò ní bá mi gbẹ́ àwo. Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Ó fi mí sílẹ̀ lóòótọ́, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14
Mi ò lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17
Mo lọ.

Ìyá Kékeré ló kọ́kọ́ rí mi. Wọ́n pariwo pé ọmọ ulé dé, wọ́n bú sẹ́kún. Ọ̀rọ̀ líle tí mo ti tò sílẹ̀ nínú mọ́tò, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Adémọ́lá dọ̀bálẹ̀. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán tó fi gbé Eléyín jáde. Ó ti dípẹtà. Mo bi í pé òun ńkọ́, kí ni yóò máa lò? Ó ní Bùọ̀dá, òun ò lò ó rí. Ihò ẹ̀yìn rẹ̀ tóbi ju ọrùn ẹ̀rọ kékeré lọ. Òrùka irin kan ni Bàbá máa ń fi sáàárín, kò sì sí nínú àpótí. Ó wá ní òun rò pé mo mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́ ni. Ìdí nìyẹn tóun ò fi yọjú.

Òrùka yẹn! Abẹ́ Àgbà ni mo ti rí i lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé. Mo rò pé irin lásán ni. Ọdún méjì ni mo ti fi ń di ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kí afẹ́fẹ́ má gbá a. Èmi tí mò ń bínú! Ojú tì mí, mi ò lè jẹ́wọ́. Mo dúpẹ́, mo gbé Eléyín, mo sá lọ.

Ọjọ́bọ̀, 19
Àwo mẹ́ta ti jáde, inú wọn ń dán. Mi ò gbádùn rẹ̀. Bí mo bá ti gba ẹnu ọ̀nà kọjá, òrùka nìyẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, 20
Ìyìn lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo gbé òrùka lé Adémọ́lá lọ́wọ́, mo sọ ibi tó wà láti ọjọ́ yìí. Ó wò mí. Ó wo òrùka. Ilẹ̀kùn kẹ̀? Ó bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, èmi náà ò sì mọ ìgbà tí mo bá a rẹ́rìn-ín. Ó yí òrùka mọ́ ọrùn ẹ̀rọ kékeré — ó wọ̀ wẹ́kú.

Àdéhùn wa: Eléyín á máa lo ọ̀sẹ̀ kan ní Adó, ọ̀sẹ̀ kan ní Ìyìn. Òun á yí mẹ́fà nínú àwo náà. Ẹrù kan sọ̀ lórí mi. Háà, mo sùn nínú mọ́tò títí mo fi délé.

Ọjọ́ Àìkú, 5 Oṣù Kọkànlá
Àwo méjìlá pé. Adémọ́lá jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí àwo dé ọ̀dọ̀ wa, mo yí i wò lábẹ́ bóyá tèmi ni àbí tiẹ̀. Mi ò mọ̀. Òun náà ò mọ̀.

Ọyẹ́ ti fẹ́ dé. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ń gbá gbàà, gbàà. Yétúndé ní kí n wá nǹkan fi dì í. Mo ní kó máa gbá.