Ìwé Tí Mo Pè Ní Ìwé Iná

Ilé Adéwọ̀yìn,
Másífà, Ẹ̀jìgbò.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà, ọdún 2025.

Ayọ̀níkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú àtijọ́, mo kí ọ kú òjò Ìbàdàn, mo sì kí ọ kú wàhálà ṣọ́ọ̀bù. Ṣé àlàáfíà ni ọkọ rẹ wà? Olúwadárasími ọmọ rẹ ńkọ́? Ẹnu tí ẹ fi ń jẹ iyọ̀ kò ní jẹ iyẹ̀pẹ̀, ilẹ̀ tí ẹ ń tẹ̀ kò sì ní yọ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀, ní orúkọ Jésù.

Ara wa le níbí. Orúnkún ìyá rẹ ti fúyẹ́ láti ìgbà tí o ti fi òróró yẹn ránṣẹ́. Àgbàdo ti gbọ́mọ pọ̀n, ewúrẹ́ dúdú sì ti bí ìbejì, ọ̀kan nínú wọn ti ní irùngbọ̀n láti ìkókó, ó ń wò mí bí ẹni tó wá yẹ ilé ẹ̀kọ́ wò.

Mo mọ̀ pé ó ti tó ọjọ́ mẹ́sàn-án tí o ti ń pe fóònù mi, tí obìnrin inú rẹ̀ ń sọ fún ọ pé a ti pa á. Má fòyà, kò sẹ́ni tó kú, olè kò sì jí i. Inú agolo gàrí ni mo rì í sí. Ìdí tí mo fi rì í síbẹ̀ ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, mo sì bẹ̀ ọ́ kí o jókòó kà á, kí o má kà á lórí ìdúró níwájú àwọn oníbàárà.

Nígbà tí o wá kí wa ní Ọdún Àjíǹde, tí o gbé fóònù náà lé mi lọ́wọ́, o ní kí n ya fọ́tò gbogbo ìwé inú àpótí kí ikán tó jẹ wọ́n tán, kí n sì tò wọ́n sínú áàpù kan tó dà bí ìwé àkọsílẹ̀. O ní ohunkóhun tí mo bá yà síbẹ̀ níbí, ìwọ náà lè ṣí i lọ́dọ̀ rẹ kí o rí i. Mo ní ọ̀rọ̀ kékeré ni, nítorí ẹni tó fi ọdún mọ́kànlélógún ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kì í bẹ̀rù ìwé títò.

O sọ pé ìwé gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ kí fọ́tò rẹ̀ tó lè dára, nítorí náà ìyá rẹ finá sí áyọ́ọ̀nù eléèédú, a sì lọ gbogbo wọn. Ìwé owó orí ọdún 1983 gbiná díẹ̀ létí, ṣùgbọ́n orúkọ mi ṣì hàn, iye tí mo san nìkan ni kò hàn mọ́. Nítorí pé fọ́tò ni a fẹ́ yà, mo wọ bùbá funfun mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí á tó mọ̀ pé ìwé nìkan ni yóò jáde. Èmi ń di etí ìwé mú, ìyá rẹ ń tẹ bọ́tìnnì, ó sì ń kìlọ̀ fún ìwé kọ̀ọ̀kan pé kó má mira.

Ohun kan tó bí mi nínú ni pé áàpù náà kò mọ àgbà. Ìwé tí a bá yà kẹ́yìn ni yóò gbé lékè. Rísíìtì ajílẹ̀ tí mo rà lọ́sẹ̀ tó ṣáájú jókòó lé ìwé ilẹ̀ tí bàbá mi gbà ní 1958 lórí. Mo bá a wí títí, kò gbọ́, ni mo bá fi nọ́ńbà síwájú orúkọ wọn kí wọ́n lè mọ ẹ̀gbọ́n mọ àbúrò. Láràárọ̀, lẹ́yìn àdúrà, mo ń pe orúkọ wọn bí ẹni ń pe rẹ́jísítà, ìyá rẹ sì ń bá wọn dáhùn pé wọ́n wà níbí. Mẹ́tàlélógóje ni wọ́n, ẹyọ kan kò sá kíláàsì.

Ibi tí a dé nìyẹn tí mo fi rántí pé o fi ibì kan hàn mí lókè, tí mo lè kọ ọ̀rọ̀ sí kó bá mi wá a. Mo rò pé orúkọ tí mo fún ìwé nìkan ló ń wò, n kò mọ̀ pé ó ń ka inú wọn. Mo kọ Másífà, ìwé mọ́kànlá jáde, àní èyí tí akọ̀wé kan fi ọwọ́ kọ bí ẹni pé adìẹ ló tú u. Mo gbé fóònù náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹni tó bá lè ka ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn kì í ṣe ẹni tí à ń bá ṣeré.

Orúkọ tèmi mú ìwé mẹ́rìnlélógójì jáde. Ìyá rẹ ní kí n kọ Mosúnmọ́lá, kí òun náà rí tòun. Méjì ló jáde, ìwé ìgbéyàwó wa àti káàdì ilé ìwòsàn. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní nínú ilé ọkọ tí òun ti ń dáná láti àádọ́ta ọdún, ìwé méjì péré, tí ọ̀kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti àìsàn? Ó ní ajílẹ̀ pàápàá ní mẹ́fà. Láti paná ọ̀rọ̀ yìí ni mo ṣe sáré ní kí á kọ orúkọ rẹ.

Mẹ́rin jáde: ìwé ìbí rẹ, ìwé ìrìbọmi rẹ, ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ, àti Ìwé Iná NEPA. Ìyá rẹ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo fi kọ àwọn àkọlé, ó sì ń ka Bíbélì. Ó ní, Bàbá Ayọ̀, kí ni ọmọ mi ń wá nínú ìwé iná? Ó ní àbí láti kékeré ló ti ń bá wa san owó iná ni? Mo ní ojú ẹ̀rọ náà ni kò ríran dáadáa. Ó ní ojú tó rí òun nínú káàdì tí eku ti jẹ ìdajì rẹ̀, òun ni kò ríran? Mo ní bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní ta ló rẹ̀, òun àbí ẹ̀yin?

Ọmọ mi, kì í ṣe ìwé iná.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1995, lẹ́yìn tí o ṣe ìdánwò láti wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ọ́fíìsì mi ni wọ́n fi èsì rẹ ránṣẹ́ sí. Mo kà á, inú mi dùn, mo tilẹ̀ dìde láti sáré wá pè ọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ẹnu ọ̀nà mo rántí Sàídátù àbúrò mi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Abidjan dé nígbà náà, ó ń wá ọmọbìnrin kan tí yóò máa bá a jókòó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́hùn-ún, ó sì ti ṣèlérí pé òun yóò ra páànù sí ilé wa yìí tí à ń kọ́ lọ́wọ́, tí kò tíì ní òrùlé. Mo padà jókòó. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún ọ pé orúkọ rẹ kò jáde. O sunkún fún ọjọ́ mẹ́ta, ní ọjọ́ kẹrin o di ẹrù rẹ, o bá Sàídátù lọ sí Abidjan. Páànù tó bo pálọ̀ wa yìí, orí rẹ ni mo fi rà á, kò sì sí òjò tó rọ̀ sí i láti ìgbà náà tí kò sọ ọ́ fún mi. Kí ẹnikẹ́ni má bú òkú Sàídátù, kò mọ nǹkan kan nípa ìwé náà. Èmi nìkan ni.

N kò lè dáná sun ún. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ máàkì ìwé ọmọ, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbà á láti jó ìwé ẹni tó yege. Inú ìwé àkọsílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni mo fi í pamọ́ sí, ibẹ̀ ló ti jábọ́ lọ́jọ́ tí à ń ya fọ́tò. Ìyá rẹ he é, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ tẹ́ ẹ, ó ní ti kí ni eléyìí. Mo ní ti iná ni. Ó ní ó mọ́ ju ìwé iná lọ, ó sì tẹ bọ́tìnnì.

Èyí tó burú jù ni ti Ọdún Àjíǹde yẹn. Olúwadárasími sọ lójú mi pé òun fẹ́ gba fọ́ọ̀mù nọ́ọ̀sì. O ní kó lọ jókòó, o ní ìwọ náà dán an wò, o fìdí rẹmi, orí obìnrin ilé wa kì í gba ìwé, kó wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta aṣọ. Mo wà níbẹ̀. Òkèlè wà lọ́wọ́ mi, mo gbé e mì. Irọ́ tí mo pa ti bí ọmọ, ó ti fẹ́ bí ọmọ-ọmọ, èmi ń jẹ ẹ̀bà.

Bí ìyá rẹ ti lọ sí ọjà lọ́jọ́ tí à ń wá orúkọ yẹn, mo ní kí n pa ìwé náà rẹ́. Áàpù ní òun ti gbé e sí ibi ìdàlẹ̀nù, yóò sì wà níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹ̀rù bà mí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi pa ìwé yìí mọ́, ẹ̀rọ wá dá ọgbọ̀n ọjọ́ fún mi, ọjọ́ kan fún ọdún kan. Ta ló sọ fún un? Mo wá rò ó pé ẹni tó ti ka ìwé náà délẹ̀, yóò ti máa bá fóònù tìrẹ sọ ọ́. Mo pa fóònù tèmi, ọkàn mi kò balẹ̀, ni mo bá rì í sínú gàrí. Mo ti kíyè sí i pé nẹ́tíwọ̀kì kì í wọ yàrá tí ògiri rẹ̀ nípọn, kò sì sí ògiri tó nípọn tó agolo gàrí ìyá rẹ.

Ní ọjọ́ kẹta, ìyá rẹ fẹ́ bu gàrí mu, ife rẹ̀ kan nǹkan. Ó fà á jáde. Ó nu gàrí kúrò lójú fóònù náà, ó gbé e síwájú mi, ó ní, Bàbá Ayọ̀, ṣé iná ló tún lọ ni? Mo jẹ́wọ́ ohun gbogbo. Ó jókòó, ó ń wo àtàǹpàkò rẹ̀. Ó ní èyí ni òun fi tẹ̀ ẹ́, ìwé ọmọ òun, ẹ sì ní iná ni. Láti ọjọ́ náà, kò pè mí ní Bàbá Ayọ̀ mọ́. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, oúnjẹ rè é. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, omi ìwẹ̀ yín ti gbóná. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi bẹ̀ ọ́, ó ní kí ẹni tó purọ́ fún ọmọ lọ bẹ ọmọ.

Fóònù náà kò gba iná mọ́, gàrí ti dí ibi tí à ń ki ṣájà sí. Mo gbé e lọ fún Qàwíyyàt tó ń tún fóònù ṣe ní Ẹ̀jìgbò. Ó fi abẹ́rẹ́ tú u, gàrí ń dà jáde. Ó ní, Bàbá, ṣé ẹ ti fi ṣúgà sí i ni, àbí ẹ̀pà ló kù?

Nítorí náà, ṣí áàpù náà lórí fóònù tìrẹ. Wo ibi ìdàlẹ̀nù, wàá rí ìwé tí mo pè ní Ìwé Iná NEPA. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ti lọ, mọ́kànlélógún ló kù. Ìwọ ni kí o dá a padà kí o sì fún un ní orúkọ tó bá wù ọ́. Bí o bá fẹ́ pè é ní Ìwà Ìkà Bàbá Mi, n kò ní bá ọ jà, kìkì kí o fi nọ́ńbà síwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, jọ̀wọ́, fi í han ọmọ rẹ kí wọ́n tó dẹ́kun títa fọ́ọ̀mù nọ́ọ̀sì ní ìparí oṣù yìí. Má ṣe san owó rẹ̀, mo ti rí ẹni tí yóò ra pákí oko mi, èmi ni yóò san án.

Qàwíyyàt ń gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà láti fọ inú fóònù náà. Jọ̀wọ́, fi lé Débọ̀ lọ́wọ́, awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá. Ojú ń tì mí láti béèrè owó lọ́wọ́ ẹni tí mo ṣe báyìí, ṣùgbọ́n bí n kò bá béèrè, wàá sọ pé kì í ṣe èmi ni mo kọ lẹ́tà náà.

Ìwé gan-an wà lọ́wọ́ mi, n kò lè fi rán ẹnikẹ́ni. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, mo dìde dúró, mo sì kà á sókè fún ìyá rẹ ní Yorùbá, bó ṣe yẹ kí n ti kà á nígbà náà: pé Ayọ̀níkẹ́ Adéwọ̀yìn yege, pé òun ló ṣe ìkẹta nínú ọgọ́fà ọmọ tó ṣe ìdánwò, pé kó wọlé ní ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá pẹ̀lú garawa kan, ẹní kan, àti bàtà funfun. Mo kí ọ kú oríire, ọmọ mi. Orí rẹ gba ìwé. Orí bàbá rẹ ni kò gbà á.

Ọlọ́run tó mọ ọ̀nà tí mo dí mọ́ ọ yóò là á fún ọmọ rẹ. Ọwọ́ tí mo fi bò ọ́ mọ́lẹ̀ kò ní tó orí rẹ̀. Wàá jẹ èrè ọmọ, ojú rẹ yóò sì rí i. Bí o bá lè dárí jì mí, wá kí wa. Bí o kò bá tíì lè ṣe é, rán ọmọ náà wá, mo lè dúró.

Èmi ni bàbá rẹ,
J. A. Adéwọ̀yìn.

Mo ti fẹ́ pa lẹ́tà yìí dé nígbà tí ìyá rẹ dúró lẹ́yìn mi. Ó ní kí n béèrè lọ́wọ́ rẹ pé nọ́ńbà mélòó ni ẹsẹ̀ Olúwadárasími, pé òun fẹ́ lọ wo bàtà funfun.