Mo Dé Áfíríkà, Mi Ò Yà Sílé

Ẹ kú ilé o, Màámi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Woolwich níbí. Ẹ kú àdúrà lórí wa, ẹ kú ojú lọ́nà. Ẹ bá mi kí Bọ̀dé àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀, ẹ sì kí gbogbo àwọn ìyá ìjọ tó ń bá yín dárúkọ mi níwájú Ọlọ́run. Òtútù ti ń dín kù níbí. Láàárọ̀ òní oòrùn yọ sórí Connaught Estate tí mò ń gbé, ṣùgbọ́n oòrùn tí kì í mú ara gbóná ni, ó kàn ń tàn bíi gílóòbù lásán.

Bọ̀dé sọ fún mi pé ẹ̀ ń bínú. Ó ní nígbà tí ẹ gbọ́ pé mo wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Uganda, ẹ ní, "Ó dé Áfíríkà, kò yà sílé? Ṣé ọ̀bọ ló wá dùn ún wò jù mí lọ?" Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo pè yín títí, ẹ ò gbé fóònù. Nígbà tí ẹ wá gbé e ní Sunday tó kọjá, ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ bi mí, pé ṣé ẹ̀yìn ni ìnàkí máa ń pọn ọmọ rẹ̀ sí bíi tiwa ni. Kí n tó dáhùn, fóònù gé. Inú mi dùn púpọ̀ sí ìbéèrè yẹn, ni mo ṣe jókòó kọ gbogbo rẹ̀. Mo ní kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn ìjọ wa pẹ̀lú, torí pé èmi nìkan kọ́ ni ìyá ń bínú sí ní ìlú yìí.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ kíà ni mò ń ṣe, mò ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà nínú ilé wọn. Lọ́wọ́ yìí, ọ̀dọ̀ ìyá òyìnbó kan ni mo wà, Àǹtí Margaret, ní Thamesmead. Bọ́ọ̀sì ni mo máa ń wọ̀ lọ. Mo máa ń wẹ̀ fún un, mo máa ń wọṣọ fún un, lẹ́yìn náà a ó jọ jókòó sẹ́bàá fèrèsé, a ó máa wo òjò. Láti kékeré ló ti wù ú kó rí ìnàkí nínú igbó. Susan ọmọ rẹ̀ ló yẹ kó mú un lọ, àmọ́ Susan ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Ló bá bẹ̀ mí pé kí n bá màmá òun lọ, torí pé tí wọ́n bá sún un síwájú, òun ò mọ̀ bóyá ara màmá á ṣì gbà á. Àwa méjèèjì la jọ lọ, àwa méjèèjì la sì gbọ́dọ̀ jọ bọ̀. Uganda sì jìnnà sílé, Màámi. Láti ibẹ̀ dé Èkó, ọkọ̀ òfuurufú mìíràn ni. Mi ò lè fi ìyá oníyàá sílẹ̀ sájò.

Ilé onígi kan létí igbó ni wọ́n fi wá wọ̀ sí. Lọ́jì ni wọ́n ń pe irú ilé àlejò bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tó pàdé wa gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó pè mí ní Madam. Èmi tó jẹ́ pé ẹrù ẹlòmíràn ni mo máa ń gbé, mi ò mọ ibi tí mo máa kó ọwọ́ méjèèjì sí. Nígbà tí oúnjẹ dé, mo lọ dúró sẹ́yìn àga Àǹtí Margaret. Ó ní kí n jókòó jàre, pé òun ò wá sí ọ̀nà tó jìn báyìí láti wá dá jẹun. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi ewé wé sè ni wọ́n gbé fún wa, ó rọ̀ lẹ́nu, òórùn ewé yẹn sì wà lọ́wọ́ mi títí ilẹ̀ fi mọ́.

Láàárọ̀, ìkùukùu bo igbó náà. Orí àwọn igi gíga nìkan ló hàn, bí ẹni pé wọ́n léfòó lórí omi. Ilẹ̀ tútù, ewé jíjẹrà, èéfín igi ìdáná, gbogbo òórùn yẹn ni mo mọ̀. Mo dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá mo ti jí ni àbí mo ṣì ń sùn.

Obìnrin kan tó ń ṣọ́ igbó ló ṣáájú àwa àti àwọn àlejò mìíràn wọlé, Grace lorúkọ rẹ̀. A rìn díẹ̀díẹ̀, mo di Àǹtí Margaret mú ní apá. Kò pẹ́ tí orúnkún rẹ̀ kọ̀. Ó ní kí n máa bá àwọn àlejò yòókù lọ, kí n bá òun fi ojú mi wò ó, kí n padà wá ròyìn fún òun. Mo ní rárá, tí kò bá rí i, èmi náà ò ní rí i. Àwọn yòókù bá ẹ̀ṣọ́ igbó kejì lọ. Grace dúró tì wá, a jókòó sórí igi kan tó ti wó. Màmá yẹn ń wo ilẹ̀. Ojú rẹ̀ dà bíi tọmọdé tí wọ́n ní kó padà sílé.

Ibẹ̀ la wà tí ohùn kan fi ta lọ́ọ̀ọ́kán. Húù, húù, ó ń ga sí i títí ó fi di igbe. Òmíràn dá a lóhùn lápá òsì, òmíràn tún gbà á níwájú. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé ìjà ni. Grace ní kì í ṣe ìjà, àwọn ìnàkí ló ń wádìí ibi tí ara wọn wà.

Màámi, ẹkún gbọ̀n mí. Oko kòkó wa ni mo rí, níbi tí ẹ máa ń dúró ní ìpẹ̀kun kan tí ẹ ó máa pè mí, tí ẹ ò ní dákẹ́ àfi tí mo bá jẹ́. Àǹtí Margaret béèrè ohun tó ṣe mí, mo ní ohùn ìyá mi ni mo gbọ́. Ó béèrè ìgbà tí mo rí yín gbẹ̀yìn. Mo ní ìwé ìgbélùú mi ò tètè jáde, pé ó ti pẹ́. Ó mú ọwọ́ mi dání.

Ni ewé bá ṣí níwájú wa. Abo ìnàkí kan jáde wọ́ọ́rọ́, ó jókòó sí ìdí igi ọ̀pọ̀tọ́. Àyà ló gbé ọmọ rẹ̀ sí, Màámi, ọmọ náà di irun ikùn rẹ̀ mú pinpin. Grace ní tó bá dàgbà díẹ̀ sí i ni yóò gun ẹ̀yìn. Ìyá náà wò wá, ojú rẹ̀ tutù, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú irun orí ọmọ rẹ̀, ó ń ṣa nǹkan kúrò níbẹ̀ bí ìgbà tí ẹ bá fẹ́ dirun fún mi. Mo wo Àǹtí Margaret. Omi kàn ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìnàkí dìde lọ, ewé padà dé bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò kọjá níbẹ̀.

A padà sí Thamesmead. Mi ò bẹ Àǹtí Margaret ní ohunkóhun, òun fúnra rẹ̀ ló pe ọmọ rẹ̀ jókòó. Ó ní, "Obìnrin yìí ò fi mí sílẹ̀ nínú igbó, ó yẹ kí òun náà rí ìyá rẹ̀." Ẹsẹ̀ Susan ti jinná. Ó ti gba ìsinmi ní August, òun ni yóò dúró ti màmá rẹ̀. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì mi.

Màámi, mò ń bọ̀ wálé.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí wa sí di ìgbà náà, ẹsẹ̀ yín ò ní dùn yín, ojú yín á ríran rí mi. Ẹ kí gbogbo ará ilé, ẹ kí ẹni tó bá béèrè mi àti ẹni tí kò béèrè. Tí mo bá dé, ẹ má ṣe tẹ́ aṣọ tuntun sórí bẹ́ẹ̀dì fún mi, ẹ má sì ní kí n lọ jókòó ní pálọ̀. Ẹ pariwo mọ́ mi pé kí n wá gbálẹ̀.

Èmi ọmọ yín,
Fúnmiláyọ̀