Ọmọ Tí Kò Gbọ́ Oríkì Rẹ̀ Mọ́

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara wa le koko bí ọta. Àwọn kan ń ṣèwádìí níbí ní ìlú òyìnbó lórí àwọn ọmọ tó ń gbọ́ èdè méjì, ni mo bá múra bí ìyá olóríire, mo gbé ọmọ-ọmọ yín lọ. Wọ́n fi àwòrán hàn án: ilé, omi, ẹyẹ. Kò lè pe ìkankan ní Yorùbá. Ó bú sẹ́kún. Mo gbé e mọ́ra, mo ń fi oríkì rẹ̀ kì í bí ẹ ṣe máa ń kì mí, àfi bó ṣe fọwọ́ dí etí. Gbólóhùn kan péré ni obìnrin olùwádìí sọ lédè tiwọn, ọmọ dákẹ́.

Ẹ̀bi mi ni. Tíṣà rẹ̀ ló ní kí n pa èdè ilé tì. Mo sì gbà, bí ẹni tí kò níyàá. “Ẹ káàárọ̀, Bàbá” tó ń sọ lórí fóònù, èmi ni mo máa ń sọ ọ́ sí i létí. Bàbá mi tí kò ríran mọ́ sì sọ pé ohùn yẹn lòun fi mọ ọmọ-ọmọ òun.

Ẹ má jẹ́ kí Bàbá gbọ́. Ẹ bá mi kí wọn, ẹ ní ọmọ-ọmọ wọn kí wọn dáadáa.