Ọjọ́ Tí A Mú Mísì Eunice Lọ sí Ìkọ̀gòsì

Màmá mi ọ̀wọ́n ní Jọ́ọ̀sì,

Ara mi le, inú mi sì dùn gan-an ni. Ní Sátidé, ọkọ mi háyà mọ́tò láti fi àwọn òkè àti omi ilẹ̀ wa han Mísì Eunice, tísà tí wọ́n jọ kàwé, tó wá láti Ìbàdàn. Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí, èmi àti abọ́ oúnjẹ. Gbogbo òkè Ẹ̀fọ̀n ni ọkọ mi dárúkọ fún un, àfi bí ẹni pé òun ló tò wọ́n síbẹ̀.

Ní Ìkọ̀gòsì, níbi tí omi gbígbóná ti pàdé omi tútù, ó ká ṣòkòtò sókè, ó sì fa Mísì lọ́wọ́ kọjá lórí òkúta.

Mo ní, "Ẹ fa èmi náà lọ́wọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ kẹ̀? Ṣé àlejò ni ọ́ ni?"

Màmá, láti ìgbà tí mo ti délé ọkọ, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ fojú kan omi náà. Mo dá kọjá. Nígbà tí a ń padà bọ̀, mo sáré jókòó síwájú, mo sì fi ẹ̀yìn sílẹ̀ fún Mísì àti abọ́ oúnjẹ títí a fi dé Arámọkọ.

Omi náà dára púpọ̀. Ẹ bá mi kí Bàbá àti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ló ń sùn ní yàrá mi lọ́dọ̀ yín báyìí?

Ọmọ yín,
Ọmọlará