Kí Ẹ̀rọ Hanwa Tó Bẹ̀rẹ̀

Bàámi, ẹ kú ìsinmi níbẹ̀ o,

Èmi ọmọ yín ni. Ẹ mọ̀ pé n kò kàwé. Rísíkà ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́. Mo pè é láàárọ̀ pé kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó wá, torí ara mi ò balẹ̀. Ara tirẹ̀ náà ò balẹ̀. Ó ń kọ, ó ń wo aago.

Iṣẹ́ rẹ̀ yé mi díẹ̀. Kọ̀ǹpútà ńlá kan wà ní Kaduna, ìwé àwọn aláìsàn ló wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Alásárì, á fúnra rẹ̀ da ẹ̀dà wọn sórí téèpù nínú ẹ̀rọ kan ní Hanwa níbí. Ẹnikẹ́ni kì í dúró tì í. Ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó: ṣé téèpù wà níbẹ̀, ṣé àyè ṣì wà lórí rẹ̀? Rísíkà lẹni náà.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń fa okùn ẹrù wò ní ìdíkọ̀ PZ kí lọ́rì tó gbéra? Àwọn alábàárù á búra wallahi pé ó ti le. Ẹ ó ṣì fà á. Inú máa ń bí mi. Ebi á ti máa pa mí.

Ìyá Rísíkà kú, Bàámi. Ṣé ẹ ti rí i? Èémí ló ń wá. Wọ́n ní gáàsì tí wọ́n fi ń mí wà nílẹ̀ ní ọsibítù. Nígbà tí wọ́n gbé sìlíńdà dé, ó ṣófo. Ta ló wò ó? N kò sunkún. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, n kì í fẹ́ kí Rísíkà jìnnà sí mi.

Àwọn ará Kaduna ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é tán. Rísíkà sọ fún wọn pé téèpù ti wà nílẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀. Rísíkà, ṣé o wò ó? Ó wá ní téèpù tí wọ́n fi ń nu ẹnu ẹ̀rọ lòun kì bọ̀ ọ́ láàárọ̀, ni mo bá pè é. Kò rántí bóyá ó ti fi téèpù gidi pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní tóun bá lọ, ta ni yóò jókòó tì mí? Haba! Ṣé mo fẹ́ sá lọ ni? Kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, má rẹ́rìn-ín.

Bàámi, mo ṣì ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣé ẹ̀yin àti ìyàwó mi ń bá ara yín sọ̀rọ̀? Ṣé ó ń mí dáadáa?

Rísíkà, ó tó. Pe Kaduna pé kí wọ́n dúró. Wọ kẹ̀kẹ́, lọ fi ojú ara rẹ wò ó. Òkú lè dúró dè mí. Sọ fún Bàámi pé mo fẹ́ràn wọn, kí o fi bíírò yẹn sílẹ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín ní Sábó.