Ariwo Mi Tí Bàbá Gbé Sórí Ayélujára

Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá, 2018

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á. Lẹ́yìn ikú Ìyá, mo fún Bàbá ní fóònù mi àtijọ́ kí ó lè máa rí nǹkan wò nígbà tí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn. Ó rí nǹkan wò lóòótọ́! Fídíò kéékèèké láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ — ológbò tó ń wẹ̀, ọkùnrin kan tó ń jẹ ata ní Hunan, àwọn ìyá àgbà tó ń jó níwájú ilé ìfowópamọ́. Etí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ mọ́, nítorí náà gbogbo rẹ̀ ló ń ké bí ọjà.

Láti oṣù tó kọjá, wíwò nìkan kò tó o mọ́. Òun náà ti ń ya fídíò. Ó ya ìkòkò tó ń hó. Ó ya Ìyá Fu aládùúgbò wa níbi tó ti ń gbé kábéèjì gun àtẹ̀gùn. Ó ya ilẹ̀kùn. Ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún! Mo wá sọ ọ́ ní Oníròyìn. Inú rẹ̀ dùn sí orúkọ náà, ìyẹn ló tún wá bí mi nínú jù.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Oníròyìn ya mí níbi tí mo ti ń jẹ núdù, ẹnu kún, irun rí wúruwùru. Àjèjì kan ní Sichuan kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ọmọbìnrin yìí mọ̀ ọ́n jẹ o." Ẹ ṣeun.

Ẹtì, ọjọ́ keje



Yìnyín ti ń bọ́ láti àná. Mo sáré wálé lọ́sàn-án láti wá jẹun, mi ò bá Bàbá nílé. Ẹ̀wù òtútù rẹ̀ kò sí lórí ìkọ́. Mo jáde sórí àtẹ̀gùn, mo gbójú sókè, ilẹ̀kùn tó lọ sórí òrùlé ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo gun òkè lọ síbẹ̀. Òun nìyẹn — létí òrùlé ilé alájà mẹ́fà, níbi tí kò sí ohun ìdènà kankan, sílípáàsì ló wọ̀ sẹ́sẹ̀, ó na fóònù sí àwọn òkè tí yìnyín bò.

Mi ò mọ ìgbà tí mo figbe ta. "Ṣé ẹ fẹ́ kú ni? Ṣé orí yín pé? Ẹ kúrò níbẹ̀! Àgbàlagbà bíi tiyín! Ìyá ti lọ, ẹ̀yin náà wá fẹ́ máa lọ, kí n wá máa bá ògiri sọ̀rọ̀, àbí?" Mo fa ẹ̀wù rẹ̀ títí a fi dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní ohùn mi ti wá jọ ti Ìyá pátápátá.



Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Obìnrin kan tó wá ra oògùn ikọ́ wò mí, wò mí, wò mí. Ṣé nǹkan wà lójú mi ni?

Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ìyá Fu ló pàdé mi lórí àtẹ̀gùn. "Háà, Ruizhen, o ti di olókìkí!" Ó gbé fóònù rẹ̀ sí mi nímú.

Kámẹ́rà kò tíì kú nígbà tí mò ń pariwo lórí òrùlé. Oníròyìn ti gbé gbogbo rẹ̀ sórí ìkànnì, ó sì fún un lákọlé: "Ọmọbìnrin mi fẹ́ràn mi." Ẹni tó bá wò ó kò ní rí etí òrùlé. Yìnyín ló máa rí, àti sílípáàsì, àti ọwọ́ mi tó ń wọ́ bàbá arúgbó bí ẹni wọ́ àpò èédú, àti ohùn mi.

Àwọn tó ti wò ó ju gbogbo ará ìlú wa lọ. Ohun tí wọ́n sì ń kọ —
"Ọmọ àìmore."
"Bàbá fẹ́ wo yìnyín, ṣé ó jalè ni?"
"Ẹ bá wa wá ibi tó ti ń ṣiṣẹ́."
"Abájọ tí kò fi rọ́kọ fẹ́." Ta ló sọ fún wọn pé mi ò rọ́kọ fẹ́?

Mo wọlé. Bàbá jókòó, ojú rẹ̀ ń dán. "Wò ó, wọ́n mà pọ̀ o!"
Mo ní, "Bàbá, wọ́n ń bú mi."
Ó ní, "Kì í ṣe gbogbo wọn."

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Wọ́n ti rí ibi iṣẹ́ mi. Àwọn obìnrin méjì wọlé wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọn ò ra nǹkan kan, wọ́n ya mí, wọ́n lọ. Ọ̀gá Bian pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ruizhen, mi ò sọ pé o ṣe nǹkan burúkú o. Ṣùgbọ́n lọ máa to oògùn lẹ́yìn ná." Lẹ́yìn! Láàárín páálí, bí ẹni tó jí nǹkan gbé.

Mo délé, mo ní kí Bàbá pa á rẹ́. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Kò bá mi jà. Ó pa á rẹ́ lójú mi. Ó ní, "Mo rò pé wọ́n á gbọ́ bí ẹ̀rù ṣe ń bà ọ́ kí n má kú ni."



Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Wọ́n ti dà á kọ káàkiri kí Bàbá tó pa á rẹ́. Wọ́n wá ń sọ pé èmi ni mo fipá mú un.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Bàbá ti ń dá wọn lóhùn. Gbogbo wọn. Níkọ̀ọ̀kan. Ìka kan ló fi ń tẹ̀ ẹ́, gíláàsì rẹ̀ wà létí imú. Lọ́sàn-án òní, ó fẹ́ kọ ọ́ pé mò ń tọ́jú òun, fóònù gbé ọ̀rọ̀ mìíràn tó dún bákan náà ní èdè wa fún un, ó sì di pé mò ń na òun. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ẹnì kan ní kí wọ́n pe ọlọ́pàá.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́.
"Tí n bá dákẹ́, wọ́n á rò pé òótọ́ ni."
"Bàbá, wọn ò mọ̀ wá rí!"
"Ìyẹn gan-an ni mò ń sọ fún wọn."

Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Afẹ́fẹ́ Gúúsù ń fi ohùn ránṣẹ́ sí i. Ohùn obìnrin. Bàbá máa ń wọ ilé ìdáná lọ gbọ́ ọ, á ti ilẹ̀kùn — ẹni tó jẹ́ pé gbogbo àdúgbò ló máa ń bá a gbọ́ ohun tó bá ń gbọ́. Lónìí ó fi kóòmù ya irun rẹ̀. Mo bi í pé ta ni. Ó ní, "Ẹni tí kò bú ọ."

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Ó ń bọ̀. Afẹ́fẹ́ Gúúsù ń bọ̀! Ọkọ̀ ojú irin ló máa wọ̀ láti Handan, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ tí òtútù tó péye wọlé, tí gbogbo ilé ń di jiaozi, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ẹran sínú. Ọjọ́ ẹbí! Bàbá ti pè é kó tó sọ fún mi.

Mo ní, "Ẹ pe àjèjì inú fóònù wá sínú ilé Ìyá mi?"
Ó ní, "Ilé tèmi náà ni."

Kò burú. Tó bá jẹ́ pé Bàbá ló fẹ́ fẹ́, kó wá. Á gbọ́ ohùn mi láìlo fóònù.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Ó dé kí oòrùn tó gòkè tán. Pang Suyun lorúkọ rẹ̀. Obìnrin kékeré kan, irun funfun tí wọ́n gé mọ́ orí, ẹ̀wù òtútù pupa, àpò ọkà bàbà lọ́wọ́. Àtẹ̀gùn ti gba gbogbo èémí rẹ̀. Mo fi ètè lásán kí i.

Kò dúró kí ẹnikẹ́ni ní kó jókòó. Ó fọ ọwọ́, ó fa ìyẹ̀fun pípò sọ́dọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Ó ń yí i nípọn. Mò ń wò ó.  Bàbá wá gbé fóònù sókè, ó fẹ́ máa ya wá.

Màmá Pang ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e sílẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀yin ni mo wá wò."

Bàbá gbé fóònù sórí tábìlì.

"Ọmọ yín ni mo wá wò."

Ó ń sọ ọ́, ó ń yí ìyẹ̀fun, kò gbójú sókè. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, ó ń gbé ní Xiamen, lọ́nà jíjìn ní gúúsù. Iṣẹ́ gidi. Ọmọ dáadáa, kò fìgbà kan rí fi ẹnu burúkú bá òun sọ̀rọ̀. Láràárọ̀ ló ń fi àwòrán òdòdó ránṣẹ́ sórí fóònù: ẹ kú àárọ̀, Màmá. Nígbà ìrúwé, Màmá Pang ṣubú nílé ìwẹ̀, ó sọ fún un. Ọmọ fi òdòdó tó tóbi díẹ̀ ránṣẹ́. Ó ní kí ó tọ́jú ara rẹ̀.

Ó ní, "Mò ń gbọ́ ariwo rẹ yẹn lójoojúmọ́. Nígbà tí bàbá rẹ pa á rẹ́, mo wá a dé ọ̀dọ̀ àwọn tó jí i. Èmi kì í wo àwòrán rẹ̀. Mo máa ń dijú ni. Bí ẹni pé èmi ni mo wà lórí òrùlé yẹn..."

Kò parí rẹ̀. Jiaozi ọwọ́ rẹ̀ ti ya, ẹran ti jáde. Mo gbà á, mo bá a dì í. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ẹ ń yí i nípọn jù."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀n-ẹ́n! Bẹ́ẹ̀ ni kó o máa sọ ọ́."

A jẹun. Bàbá ro ẹjọ́ gbogbo ará ayélujára fún un. Nígbà tó yá, Màmá Pang ní òun fẹ́ lọ bá ọkọ̀ ojú irin, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni sin òun. Mo dúró lójú fèrèsé, mò ń wo ẹ̀wù pupa náà. Títì ti dì, ó ń yọ̀. Obìnrin yìí fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà sílẹ̀, àárín títì gan-an ló ń gbà, ó dorí kodò — fóònù ló ń wò! Ọkọ̀ akẹ́rù èédú sì ń bọ̀ láti ọ̀nà afárá.

Mo já fèrèsé ṣí.

"Màmá Pang! Ṣé ojú yín fọ́ ni? Ẹ kúrò lójú títì! Ẹ ki fóònù yẹn bọ àpò! Àgbàlagbà bíi tiyín!"

Ó fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ náà kọjá, ó tú ẹrẹ̀ yìnyín sí i lára. Fèrèsé àwọn ará ilé ń ṣí lọ́tùn-ún lósì. Ìyá Fu ti yọ fóònù rẹ̀ jáde, ó kọ ojú rẹ̀ sí mi. Bàbá dúró ti èjìká mi, kò mú nǹkan kan lọ́wọ́.

Màmá Pang gbé ọwọ́ lé àyà.  Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè sí wa.

"Kí lo wí?"

Ó ti gbọ́. Gbogbo àdúgbò ló ti gbọ́.

"Mi ò gbọ́ o! Tún un sọ!"

Fóònù Ìyá Fu ṣì dojú kọ mí. Mo di férémù fèrèsé mú, mo na ara síta dé ìbàdí, mo sì tún un sọ.